Lẹ́tà Ẹ̀sùn sí Àwọn Tó Ta Bàtà Ajá fún Mi

Ọ̀nà Ìgbógbó,
Ìkòròdú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Sí Ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀SÙN LÓRÍ BÀTÀ AJÁ TÍ MO RÀ LỌ́WỌ́ YÍN

₦18,500 ni mo san fún bàtà ajá mẹ́rin tí mo rà lọ́wọ́ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọlọ́kadà yín gbé e dé ẹnu géètì mi, mo tún fún un lówó omi. Ọjọ́ kejì ni mo wọ̀ ọ́ fún Tanímọ̀la, ajá mi. Ọjọ́ kejì yẹn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bà jẹ́, tí ajá tó máa ń fò mọ́ géètì bí àlejò bá dé fi ẹsẹ̀ mẹ́ta tiro nínú ọgbà fún ọjọ́ mọ́kànlá gbáko.

Kí ẹ má baà rò pé ẹni tí kò mọ ajá tọ́jú ló ń kọ̀wé sí yín, ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń mú Tanímọ̀la rìn láti ilé wa lọ sí apá ẹbúté Ìpakodò. Aago mẹ́fà àárọ̀ la máa ń jáde. Bí ilẹ̀ bá mọ́ bá wa nílé, ma fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé ọ̀dà títì, ma ka ení dé èje. Bí mi ò bá lè gbé e síbẹ̀ títí màá fi kà á tán, a ò lọ mọ́ nìyẹn. Nítorí náà, oòrùn kọ́ ló ń yọ wá lẹ́nu. Àfọ́kù ìgò tí àwọn aláríyá ń fi sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni, pẹ̀lú wáyà tín-ín-rín tó ń kù sílẹ̀ bí wọ́n bá sun táyà. Nígbà tí wẹ́dà kan wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ìkóríta wa, irin wẹ́wẹ́ kún un. Èèyàn ò ní rí i. Ìgbà tí ajá bá jókòó sáàárín ọ̀nà tó ń lá àtẹ́lẹsẹ̀ lẹ tó máa mọ̀.

Ìdí tí mo fi ra bàtà yín nìyẹn. Ara páálí yín lẹ kọ ọ́ sí pé kò sí ọ̀nà tí kò lè rìn. Mo ka ìwé tó wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ yìnyín ló kún inú rẹ̀, àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nílùú òyìnbó kí yìnyín lè yọ́, tó sì máa ń ta ajá lẹ́sẹ̀. Òótọ́ ni lọ́hùn-ún, mi ò jiyàn. Àmọ́ ta ló rí yìnyín nílẹ̀ rí ní Ìkòròdú, àfi èyí tó wà nínú fírísà oníbíà? Wọn ò dárúkọ ọ̀dà gbígbóná níbẹ̀ rárá. Wọn ò sọ iye ìṣẹ́jú tí ajá lè fi wọ bàtà kí wọ́n tó bọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Ọmọ tó ń dá wa lóhùn lórí WhatsApp kò bi mí ju irú ajá tí mo ní lọ. Mo ní ajá ìbílẹ̀ tó dàlù mọ́ Àlísésíàn ni. Ó ní nọ́ńbà 5 ló máa bá a mu, ọ̀rọ̀ tán. Dókítà ẹranko ló wá fi hàn mí lẹ́yìn tí nǹkan ti bà jẹ́ tán: ó gbé ẹsẹ̀ Tanímọ̀la lé bébà, ó jẹ́ kí ó gbára lé e dáadáa kí ẹsẹ̀ náà lè tẹ́, ó fi bírò fa ìlà yí i ká. Ti iwájú fẹ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ, afọ́jú pàápàá lè fọwọ́ bà á mọ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ẹ kó fún mi rèé, ọgbọọgba ni wọ́n.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la jáde lọ́jọ́ náà. Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀, mo gbà. Mo gba páálí gbọ́ ju ẹ̀yìn ọwọ́ ara mi lọ. Àwọn ọmọ àdúgbò tò tẹ̀ lé wa, "Ajá wọ bàtà! Ajá wọ bàtà!" Bàbá onílé wa wo ẹsẹ̀ ajá, ó wo sálúbàtà ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Tanímọ̀la ń gbé ẹsẹ̀ sókè bí àkùkọ tó já sínú àbàtà. Nígbà tí a ń bọ̀, ó ń mí gúlegúle, gọ́ọ̀mù bàtà ẹ̀yìn lápá òsì sì ti yọ́, ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ya ẹnu. Ibẹ̀ ni irin gbà wọlé. Ohun tó dùn mí jù nìyí: ká ní ẹsẹ̀ lásán ni, ajá náà ì bá ti gbé e sókè lójúkan náà, ǹ bá sì ti yọ ọ́. Bàtà bo irin náà mọ́lẹ̀, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ wọra títí a fi délé.

Nígbà tí mo bọ́ ọ, omi ló wà nínú rẹ̀. Ajá kì í làágùn lára bíi tiwa, abẹ́ ẹsẹ̀ ló ti ń làágùn, ẹ sì fi ọ̀rá tí kò ní ihò kankan dí i pa. Tìmùtìmù abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti funfun, ó hunjọ bí ìka ẹni tó fọṣọ láti àárọ̀. Irin náà ká kóró bí èékánná ọmọ ọwọ́, ó há sáàárín tìmùtìmù méjì. Níwájú, orí èékánná kékeré òkè tí kì í kan ilẹ̀ gan-an ni ẹ fi ìdè bàtà sí; awọ ibẹ̀ ti bó, ó tó ẹyọ ẹ̀wà kan. Nígbà tí wẹ́dà gbọ́, ó ní Ògún ló tọ́ oúnjẹ rẹ̀ wò. Mi ò rẹ́rìn-ín.

₦14,000 ni mo san fún dókítà ẹranko. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí yín. Ọmọ yẹn náà dá mi lóhùn pé, "Màmá, ẹ má bínú, ẹ ti lò ó, a kì í gba ohun tí wọ́n ti lò." Ṣé orí àga ni mo fẹ́ gbé bàtà kà kí n tó mọ̀ pé kò dára ni?

Owó bàtà àti owó dókítà, ₦32,500 lápapọ̀, ni mo ń béèrè, láàárín ọjọ́ 14. Kí ẹ sì tún ìwé inú páálí kọ fún àwọn tó ń gbé ibi tí oòrùn ń ràn, kí ẹ máa gba ìwọ̀n ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn lọ́wọ́ èèyàn kí ẹ tó tajà. Òfin oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ti ọdún 2018, sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ yẹ fún iṣẹ́ tí wọ́n tà á fún. Bí mi ò bá gbúròó yín, LASCOPA, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ni màá kó ẹjọ́ yìí lọ bá.

Mo ti di gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá: irin náà, rìsíìtì dókítà, àti àwọn bàtà. Kí ọlọ́kadà yín wá gbé e. Mẹ́ta ló pé. Díẹ̀ lára ìtẹ́lẹ̀ ìkẹrin lẹ̀ mọ́ ọ̀dà lójú ọ̀nà Ẹbúté, bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Èmi ni oníbàárà yín,
Ìyá Tanímọ̀la