Lẹ́tà sí Ọmọ Mi Lórí Igi Ìbọn Tó Bàjẹ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Iléṣà

Ọmọ mi,

Ọ̀gá rẹ pè mí láti Ifẹ̀. Ó ní ihò tí o ń lu fún ọ̀pá tí wọ́n fi ń kì ẹ̀tù ti yà kúrò lọ́nà, ó sì ti yọ sí kòtò tí irin ìbọn máa jókòó sí. Ó ní o ti po gọ́ọ̀mù mọ́ ìyẹ̀ pákó, o fẹ́ fi dí i kí oníbọn tó dé, torí ó fẹ́ gbé ṣakabùlà rẹ̀ jáde nígbà ọdún Ọlọ́jọ́. Jọ̀ọ́, da gọ́ọ̀mù yẹn nù. Ka ìwé yìí tán kí o tó padà sídìí iṣẹ́.

Àṣìṣe tó bá ojú igi jẹ́ wà, èyí tó bá agbára igi jẹ́ náà wà. Tìrẹ yìí kò kan agbára rẹ̀. Igi tó wà láàárín kòtò irin àti ihò ọ̀pá kì í nípọn rárá. Àwọn ìbọn gígùn tí àwọn ọmọ Jámánì tó ṣí lọ sí Pennsylvania ní Amẹ́ríkà ṣe láyé ọjọ́un, tí o máa ń wò lórí fóònù rẹ, nígbà míì kò ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ínǹṣì lọ níbẹ̀. Ìlu gígùn sì máa ń tẹ̀lé iṣan igi, ibi tí iṣan bá yà sí ló ń yà sí. Irin ìbọn ló máa bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú kankan ò sì ní rí i. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí ọ̀pá má máa ha irin, kí ó má sì há sínú ihò.

Wá àlẹ̀kù igi náà gan-an, mo mọ̀ pé o kì í dà á nù. Gé pẹlẹbẹ tín-ín-rín kan lára rẹ̀, kí iṣan rẹ̀ dojú kọ ibi tí iṣan ara ìbọn dojú kọ. Fi ọ̀bẹ mú etí ihò náà tọ́, kí pẹlẹbẹ náà lè jókòó láì fò. Kí o tó fi gọ́ọ̀mù kàn án, fi àbẹ́là pa ọ̀pá náà dáadáa, tì í bọ ihò rẹ̀, kí o sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó bá ṣàn wọlé ò ní lè lẹ̀ mọ́ ọn. Máa yí ọ̀pá náà díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń gbẹ. Fi rọ́bà túùbù táyà wé e pinpin, kí o sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn ìyẹn ni wàá wá ha ojú rẹ̀ títí yóò fi bá ilẹ̀ kòtò dọ́gba. Má fi sáńpépà sáré síbẹ̀. Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun a bá fagbára mú ní í ni ni lára.

Ìyẹ̀ pákó àti gọ́ọ̀mù kì í jọ igi. Tí o bá fi òróró pa igi, gbogbo ara rẹ̀ á mu ún, ti ibi tí o dí yẹn á dúró bí àpá egbò. Kò sì ní iṣan tó lè dì í mú. Mo gbà á fún ihò abẹ́rẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ihò ìṣó tó bá ṣì ibi, má fi igi róbótó dí i, torí orí igi tí a gé ní ìbú máa ń mu òróró ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, á sì dúdú kirikiri. Ẹ̀gbẹ́ pákó ni kí o ti gé ohun tí wàá fi dí i.

Ibi tí irin tó ń ṣáná máa wọ̀ ló máa ń dun àwọn ọmọ iṣẹ́ jù, torí ojú gbogbo ènìyàn ló wà. Gbé irin náà sórí iná àtùpà kí èéfín bò ó, tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, kí o wá gbẹ́ kìkì ibi tó bá dúdú. Tí àlàfo bá ti là, lẹ pẹlẹbẹ mọ́ ògiri kòtò náà, kí o tún un gbẹ́ láti inú. Bí igi bá kàn tẹ̀ wọnú, tí iṣan rẹ̀ kò já, aṣọ tútù àti áyọ́ọ̀nù gbígbóná á gbé e sókè. Tó bá sì jẹ́ ìrókò lo ń lò, iṣan rẹ̀ máa ń lọ́ mọ́ra wọn, rándà á máa fà á ya; àfọ́kù ìgò ni kí o fi ha á.

Ọrùn igi ni mo fẹ́ kí o bẹ̀rù, ibi tó tín-ín-rín tí ọdẹ máa ń fi ọwọ́ dì mú. Nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, ìbọn á ta padà sí èjìká, ọrùn yìí ló sì ń gba á. Tí iṣan igi bá gba ibẹ̀ kọjá ní ìbú, tàbí tí o rí ìlà tín-ín-rín lára rẹ̀, gọ́ọ̀mù kò sí lọ́rọ̀ náà mọ́. Gé igi tuntun. Owó igi ò tó ojú ẹnì kan. Mo ti rí ìbọn àtijọ́ tí wọ́n fi awọ ẹran tútù rán mọ́ lọ́rùn, tí awọ náà gbẹ tó sì fún un pa. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, mo bọ̀wọ̀ fún un. Àwọn ìdílé kan níbí ń sọ pé tiwọn bá Ògèdèǹgbé, olórí ogun Ìjẹ̀ṣà, dé ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí wọ́n sì tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà rẹ̀ ní 1886. Irú igi bẹ́ẹ̀, má jù ú nù, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yìnbọn mọ́. Ṣe tuntun fún irin, kí o fi ti àtijọ́ lé onílé lọ́wọ́.

Ohun kan wà tó ṣáájú gbogbo èyí. Kí o tó gbé ìbọn ẹnikẹ́ni sórí tábìlì, ti ọ̀pá bọ ẹnu rẹ̀ títí yóò fi dúró, fi èékánná sàmì sí i níbi ẹnu, kí o fà á yọ, kí o sì tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ irin láti ìta. Tí kò bá dé ibi ihò iná, ibi tí iná ń gbà dé ìdí ẹ̀tù, nǹkan wà nínú rẹ̀. Má fi ẹnu oníbọn ṣe ẹ̀rí. Béèrè ìwé-àṣẹ lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú. Òfin ìbọn ọdún 1959 ka ṣakabùlà mọ́ ohun tí a kì í ní láìgbàṣẹ. Bí inú bá bí oníbàárà, jẹ́ kó bí i.

Nígbà tí oníbọn bá dé, fi ibi tí o tún ṣe hàn án kí irin tó bò ó. Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti bí o ṣe tún un ṣe. Tó bá fẹ́ igi mìíràn, gbà fún un, bí Ọlọ́jọ́ tilẹ̀ bá a lọ́nà. Èmi á bá ọ san owó pákó.

Nígbà tí gọ́ọ̀mù bá gbẹ, ya fídíò bí ọ̀pá ṣe ń wọlé tó ń jáde, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ gbọ́ bóyá ó ń ha irin. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí o jẹun kí o tó lọ síbi iṣẹ́. Kí Ògún má jẹ́ kí irin ṣe ọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ