Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọn kò tà

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Orúnkún yín ńkọ́? Mo gbọ́ pé fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ ti dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bọ̀dá ní mò ń gun bọ́ọ̀sì pupa kiri dípò kí n máa ṣiṣẹ́, ẹ̀yin náà ń bi mí pé òkú ta ni mo lọ sin, tí ibojì fi kún ẹ̀yìn mi. N kò sìnkú ẹnikẹ́ni o.

Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ló sọ fún mi pé abúlé kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, láàárín pápá ńlá tí wọ́n ń pè ní Salisbury Plain. Imber ni orúkọ rẹ̀. Ọwọ́ àwọn ṣọ́jà ló wà láti 1943, ará ìlú kì í débẹ̀ àfi ọjọ́ díẹ̀ lọ́dún. Sátidé kan wà nínú oṣù kẹjọ tí àwọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀sì àtijọ́ máa ń kó àwọn alájà méjì tí Lọ́ńdọ̀nù ń lò láyé ijọ́un jáde, wọn a fi máa gbé èrò láti ìlú Warminster lọ síbẹ̀. Láti 2009 ni wọ́n ti ń ṣe é. Bọ́ọ̀sì tí Bọ̀dá rí nìyẹn.

A rìn, a rìn, koríko náà ni. Pátákó wà lọ́tùn-ún lósì tó ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má yà kúrò lójú ọ̀nà, torí ohun ìjà tí kò tíì bú gbàmù wà nínú koríko. Mo di báàgì mi mú gírígírí, bí ẹni pé báàgì ló máa gbà mí.

Ilé tí mo kọ́kọ́ rí kò ní ilẹ̀kùn, kò ní fèrèsé. Àánú ṣe mí, àfi ìgbà tí ẹnìkan sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó gbé ibẹ̀ rí: àwọn ṣọ́jà ló kọ́ ọ láti fi kọ́ ìjà àárín ìgboro. Ilé àwọn ọmọ onílé gan-an, díẹ̀ ló kù níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ló dúró. St Giles ni wọ́n ń pè é, ó ti lé ní 700 ọdún, wọ́n sì fi wáyà yí i ká bí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Inú rẹ̀ ṣófo, ohùn èèyàn ń dún padà. Mo rí ibi tí wọ́n ti kọ ètò bí wọ́n ṣe ń lu agogo sára ògiri, ní 1692. Màmá, ọ̀dà ni wọ́n fi kọ ọ́, ó ṣì ṣeé kà! Níta, ìyá àgbà kan ń fi áńkáṣíìfù nu ojú òkúta ibojì kan. Ó béèrè bóyá mo ní èèyàn níbẹ̀. Mo ní rárá, àwọn èèyàn mi jìnnà. Ó ní kí n bá òun di òdòdó òun mú, ìyẹn ni ẹ fi rí i lọ́wọ́ mi.

Bí wọ́n ṣe lé àwọn ará abúlé náà nìyí. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, 1943, wọ́n pe gbogbo wọn sí ilé ìwé, wọ́n ní kí wọ́n kó jáde láàárín ọjọ́ 47, torí ṣọ́jà Amẹ́ríkà fẹ́ fi abúlé náà kọ́ṣẹ́ ogun. Wọn ò ju bí 150 lọ. Kérésì ku ọjọ́ mẹ́jọ nígbà tí gbèdéke pé. Wọ́n ní alágbẹ̀dẹ wọn dorí kodò lé owú rẹ̀, ó ń sunkún. Kò pẹ́ tó fi kú, wọ́n sì gbé e padà wá sin. Ohun tí àwọn ará abúlé gbà gbọ́ ni pé bí ogun bá parí, àwọn á padà. Ogun parí ní 1945. Ní 1961, ó lé ní 2,000 èèyàn tó wakọ̀ wọ ibẹ̀ láti fi ẹ̀hónú hàn. Ìjọba ò dá a padà. Ìsìn ọdọọdún nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n yọ̀ǹda.

Mo béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń ṣàlàyé fún wa pé ṣé wọn ò lè lọ sí kóòtù ni? Ó ní ilẹ̀ wo ni wọ́n fẹ́ lọ gbà? Láti ìparí àwọn ọdún 1920 ni iléeṣẹ́ ogun ti ń rà á díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ò mówó wọlé nígbà náà, iye tí wọ́n ń fi lọ̀ wọ́n sì dáa, ẹni tó bá tà sì lè máa dáko rẹ̀ nìṣó, á kàn máa san owó ilẹ̀. Ta ni kò ní tà? Nígbà tó fi máa di pé wọ́n lé wọn, ṣọ́ọ̀ṣì àti ibi mélòó kan péré ni kò tíì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn náà ni wọ́n ń rí padà sí lónìí.

N kò tíì sùn dáadáa láti ìgbà náà. Ṣé ẹ rántí ohun tí ẹ sọ lórí fóònù, pé ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ Bàbá ní a ṣì lè máa dáko lórí rẹ̀ bó ṣe wù wá? Mo mọ̀ pé owó náà pọ̀. Mo mọ̀ pé òrùlé ń jò, Bọ̀dá ló sì ń gbé abẹ́ rẹ̀, kì í ṣe èmi. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má tíì tọwọ́ bọ̀wé. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó páànù. Mo máa pè lọ́jọ́ Àìkú, tí ẹ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Èmi ni,
Àdùkẹ́ yín