Sí Àdùkẹ́, lórí àwọ̀ tí ó yí padà nínú àwòrán rẹ

Òṣogbo

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Àwòrán mẹ́fà tí o fi ránṣẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Àbúrò rẹ ni mo ní kí ó gbé wọn sójú kọ̀ǹpútà fún mi, nítorí ojú mi kò gba fóònù mọ́. O ní láti ìgbà tí o ti dé Edinburgh ni pupa àti àwọ̀ ìyeyè ti ń sá fún ọ, pé àwọ̀ eérú nìkan ló kù lórí kánfáàsì rẹ, ẹ̀rù sì ń bà ọ́ pé ọwọ́ rẹ ti ń sọnù.

Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Níbi tí oòrùn ti ń wọ̀ kí agogo mẹ́rin tó lù nínú oṣù Kejìlá, kí ni o fẹ́ kí ojú rẹ rí? Vincent van Gogh ya àwọn àgbẹ̀ tí ń jẹ ọ̀dùnkún ní ìlú rẹ̀, Netherlands, ní 1885, ó sì kọ̀wé sí àbúrò rẹ̀ pé àwọ̀ tí òun lò dà bí ọ̀dùnkún tí a kò tíì bó, tí erùpẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tí ó ti gba Paris kọjá dé Arles ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ìtànṣán oòrùn ti gba gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kan. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ibi tí erùpẹ̀ lọ.

Àwòrán karùn-ún ló kọ mí lóminú, èyí tí o fi àmì àdìrẹ sí nígun nítorí pé oníṣòwò àwòrán kan ní òun kò rí Áfíríkà nínú iṣẹ́ rẹ. Ìyá mi, tí o jókòó tì ní ìdí aró nígbà èwe rẹ, kò fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún kọ ọnà sára aṣọ kí àlejò lè mọ ibi tí wọ́n ti wá. Àwọn oníbàárà tí wọ́n mọ ọnà burúkú yàtọ̀ sí rere ni wọ́n ń kọ ọ́ fún. Ọnà tìrẹ yẹn, kí n má purọ́, wọn ì bá ti fọ̀ ọ́ dànù.

Wo Wifredo Lam, ayàwòrán ọmọ Cuba. Olórìṣà ni Mantonica Wilson, tí ó dúró bí ìyá fún un láti kékeré, síbẹ̀ nígbà tí ó lọ sí Sípéènì ní 1923, bí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ṣe ń yàwòrán ni òun náà ń yà. Ó dé Paris ní 1938, ó bá ayàwòrán Picasso pàdé. Ogun sì lé e padà sílé ní 1941. Ìgbà náà ni ó ya La Jungla, níbi tí ìrèké, ẹsẹ̀ ènìyàn àti ojú tó rí bí òṣùpá ti lọ́ pọ̀ mọ́ra. Ọdún méjìdínlógún ló lò lẹ́yìn odi kí ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ tó bá a dé ojú kánfáàsì.

Nítorí náà, kọ ojú àwòrán karùn-ún sí ògiri. Ẹ̀kejì, ti fèrèsé tí òjò ń ṣàn lára rẹ̀, ni kí o tún yà, kí o má sì fi dúdú inú ike po àwọ̀ eérú rẹ. Pupa àti àwọ̀ ewéko ni kí o pò mọ́ra. Mo fẹ́ rí ohun tí ó wà lẹ́yìn fèrèsé náà ní agogo mẹ́ta.

Èmi ni,
Bàbá rẹ