Lẹ́tà sí àwọn òbí àti alágbàtọ́: Ta ló ni iṣẹ́ ẹ̀rọ inú kíláàsì?

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, ẹ sì kú àdúrótì wa ní sáà tó kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti bi wá pé kí la fẹ́ fi kọ̀ǹpútà àti tábúlẹ́ẹ̀tì ṣe nínú kíláàsì ní sáà yìí. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ dá yín lóhùn, torí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti olùkọ́ kọ̀ǹpútà nìkan. Ọrùn ọ̀gá ilé-ìwé ló wà.

Ríra ẹ̀rọ nìkan kò tó. Orílẹ̀-èdè Peru pín kọ̀ǹpútà alágbèéká tó lé ní 800,000 fún àwọn ọmọ ilé-ìwé lábẹ́ ètò One Laptop per Child (kọ̀ǹpútà alágbèéká kan fún ọmọ kan). Nígbà tí èsì àyẹ̀wò ètò náà jáde ní ọdún 2012, wọn kò rí i pé àwọn ọmọ náà mọ ìṣirò tàbí èdè ju àwọn tí kò rí kọ̀ǹpútà gbà lọ. Ẹ̀rọ dé ọwọ́ ọmọ, àmọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn olùkọ́ rí gbà kò tó nǹkan.

Nítorí náà, àwọn olùkọ́ la ó kọ́kọ́ kọ́. Ọ̀sán Ọjọ́rú la yà sọ́tọ̀ fún un nínú táímù-tébù, èmi náà á sì jókòó láàárín wọn, torí kò yẹ kí n máa pàṣẹ ohun tí n kò lè ṣe.

Mo tún máa ń wọ kíláàsì láti wo bí àwọn olùkọ́ ṣe ń lo ẹ̀rọ. Ìbéèrè kan ló máa ń wà lọ́kàn mi: kí ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe tí pátákó àti ìwé kò lè ṣe? Ní kíláàsì ìṣirò kan, olùkọ́ gbé gíráàfù sójú ògiri, ó ní kí ọmọbìnrin kan yí nọ́ńbà kan padà. Bó ṣe fi kún nọ́ńbà náà, ìlà orí gíráàfù ń ga sókè. Ó fi àmì àyọkúrò síwájú rẹ̀, ìlà náà dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ fi ń pariwo ibi tí ìlà máa gbà kó tó gba ibẹ̀. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá gbé ohun tó wà nínú ìwé ọmọ sójú ẹ̀rọ, tó ní kí wọ́n dà á kọ, màá ní kó pa á, kí wọ́n ṣí ìwé wọn.

Ní ti fóònù, ilé-ìwé á máa gbà á lọ́wọ́ ọmọ láàárọ̀, á sì dá a padà nígbà tí wọ́n bá jáde. Nínú ìwádìí PISA ti ọdún 2022, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, nǹkan bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ilé-ìwé láwọn orílẹ̀-èdè OECD (ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọlọ́rọ̀) ló sọ pé ẹ̀rọ máa ń fa ọkàn àwọn kúrò nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò, bí kò tiẹ̀ ṣe nígbà gbogbo.

Èyí tó ń ká mi lára jù ni ohun tí ojú kì í rí: orúkọ, ọjọ́ ìbí, fọ́tò àti máàkì àwọn ọmọ. Ọ̀pọ̀ áàpù ọ̀fẹ́ ló ń kó wọn jọ. Olùkọ́ kankan kò gbọdọ̀ forúkọ ọmọ yín sílẹ̀ lórí áàpù tuntun àfi tí mo bá ti ka àdéhùn rẹ̀, tí mo sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin náà á rí fọ́ọ̀mù gbà kí ẹ tó gbà tàbí kí ẹ kọ̀.

A kò ní fún ọmọ kankan ní iṣẹ́ àṣetiléwá tó nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Yàrá kọ̀ǹpútà á wà ní ṣíṣí lẹ́yìn ìparí ẹ̀kọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó.

Lọ́jọ́ ìpàdé òbí àti olùkọ́, a ó ṣí kíláàsì sílẹ̀ kí ẹ lè wo bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣe é. Bí ohunkóhun bá kọ yín lóminú níbẹ̀, èmi ni kí ẹ bi, ẹ má bi olùkọ́.

Emi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Àgbà Ilé-Ẹ̀kọ́