Níbo Ni Ẹ̀rọ Náà Ti Kọ́ṣẹ́?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí tọmọdé tàgbà ti mọ̀ sí AI báyìí, ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ojoojúmọ́ ni a ń gbọ́ pé báńkì kan ti gbà á síṣẹ́, pé ilé ìwòsàn kan ti ń lò ó, pé àwọn àgbẹ̀ náà kò sì gbẹ́yìn. Inú àwọn kan ń dùn sí i, ẹ̀rù sì ń ba àwọn mìíràn pé yóò gba oúnjẹ lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó ń béèrè ohun tí èmi kà sí pàtàkì jù, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ náà ti kọ́ṣẹ́ àti ẹni tó kọ́ ọ.

Mo wà lára àwọn tí ìjọba máa ń rán sí oko láti la àwọn àgbẹ̀ lọ́yẹ̀ kí n tó fẹ̀yìntì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Áàpù kan wà tí wọ́n ń pè ní Nuru, tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà àti àwọn ti IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn níbí, jọ ṣe. Bí àgbẹ̀ bá gbé fóònù sí ojú ewé ẹ̀gẹ́, áàpù náà yóò sọ bóyá àrùn mòsáíkì ló mú un, tàbí kòkòrò tíntìntín aláwọ̀ ewé tó máa ń fa omi ara ewé, tàbí àrùn tó ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣe é. Ẹni tó bá mọ ẹ̀gẹ́ yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ewé tí mòsáíkì bá mú máa ń lọ́, á hunjọ, àwọ̀ ìyeyè á sì dà pọ̀ mọ́ àwọ̀ ewé lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí kòkòrò bá fà náà máa ń ní àmì wínníwínní lára, mo sì ti rí àgbà àgbẹ̀ tó fi ọ̀kan pe èkejì, tó lọ fi owó ra oògùn tí kò bá a mu. Àrùn ti ìlà-oòrùn yẹn tún wá burú jù, nítorí pé ewé lè fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi nǹkan kan hàn, kó jẹ́ pé ọjọ́ tí a bá hú ẹ̀gẹ́ ni a ó tó mọ̀ pé inú rẹ̀ ti rà.

Ohun tó mú kí Nuru wúlò ni pé inú oko ẹ̀gẹ́ ní Tanzania ni wọ́n ti ya àwọn àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ọ, àwọn tó mọ àrùn ẹ̀gẹ́ dunjú ló sì ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn án. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n gbé e sórí fóònù tí wọ́n sì dán an wò nínú oko, wọ́n rí i pé ó máa ń gbójú fo àrùn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú lára ewé, wọn kò sì fi pamọ́: wọ́n kọ ọ́ síta kí gbogbo ayé kà á. Ìwà yẹn wù mí ju áàpù náà fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo ẹ̀rọ tó ń wo ojú èèyàn. Ní ọdún 2018, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì, dán ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ mẹ́ta wò, pé kó sọ ẹni tó jẹ́ ọkùnrin àti ẹni tó jẹ́ obìnrin. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin aláwọ̀ funfun ni, àṣìṣe wọn kò tó ẹyọ kan nínú 100; bí ó bá sì jẹ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú, ti ọ̀kan nínú wọn lé ní 34 nínú 100. Ojú aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù nínú àkójọ àwòrán tí wọ́n fi ń dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò látẹ̀yìn wá, nítorí náà kò sẹ́ni tó tètè rí àléébù náà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Buolamwini àti Deborah Raji, ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà ní Kánádà, tún wọn dán wò. Àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti dárúkọ síta ti tún tiwọn ṣe gan-an, nígbà tí àwọn méjì tí wọn kò dárúkọ tẹ́lẹ̀ ṣì ń ṣe àṣìṣe tó pọ̀ lójú obìnrin dúdú. Àwọn báńkì wa wá ń ní kí èèyàn gbé ojú sí fóònù, kó ṣẹ́jú, kó yí orí sọ́tùn-ún sósì, kí wọ́n tó ṣí àpamọ́ owó fún un, kò sì sí èyí tí mo tíì gbọ́ tó sọ fún oníbàárà iye ìgbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣìnà lójú irú wa.

Ti pé yóò gba iṣẹ́, n kò ní fi gùn lọ títí. Ní ọdún 2016, Geoffrey Hinton, àgbà onímọ̀ AI tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2024, sọ pé kí wọ́n má kọ́ dókítà tó ń ka àwòrán X-ray mọ́, pé láàárín ọdún márùn-ún ẹ̀rọ yóò mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ. Títí di òní, ojú ṣì ń wá irú dókítà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ká mi lára jù ni ti àwọn áàpù ayánilówó, tí ẹ̀rọ ń dá ẹjọ́ oníbàárà níbẹ̀, bóyá yóò rí owó yá tàbí kò ní rí i, tó sì ń lé e padà láìsọ ìdí. Bẹ́ẹ̀ òfin wà. Abala 37 nínú Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sọ pé èèyàn ní ẹ̀tọ́ pé kí ẹ̀rọ nìkan má dá irú ẹjọ́ tó lè pa á lára bẹ́ẹ̀, kódà níbi tí òfin bá ti gbà á láyè, oníbàárà lè ní kí èèyàn ẹlẹ́ran ara tún ọ̀rọ̀ òun yẹ̀ wò, kó sì ta ko ìdájọ́ náà. Mélòó nínú wa ló mọ̀? Kí ni ì bá ná wọn láti kọ gbólóhùn kan ṣoṣo ní Yorùbá sábẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n fi ń lé èèyàn padà?

Olóòtú, ìgbàkígbà tí wọ́n bá tún pe àwọn akọ̀ròyìn yín síbi tí wọ́n ti ń ṣí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, yálà ní ilé ìwòsàn ni o, tàbí ní ọ́fíìsì ìjọba, mo bẹ̀ yín, kí wọ́n bi ẹni tó gbé e wá pé àwòrán àwọn ta ni wọ́n fi kọ́ ọ, ibo nínú ilẹ̀ wa ni wọ́n ti dán an wò, àti nọ́ńbà ẹni tí a ó pè bí ó bá ṣìnà. Kí ẹ sì tẹ ìdáhùn rẹ̀ jáde, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ọ̀kankan.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tó ti fẹ̀yìntì,
Mọ́níyà, Ìbàdàn.