Ẹ béèrè ìwé àṣẹ ọdún yìí kí ẹ tó gun bẹ́ẹ̀dì scan

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti wà nídìí X-ray àti scan n'Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lọ́sẹ̀ tó kọjá kò jẹ́ kí n rí oorun sùn dáadáa.

Aláboyún kan ló wọlé tọ̀ mí wá, ìwé scan tó ti ṣe níbòmíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ kan ló wà nínú, pé orí rẹ̀ sì ti wà nísàlẹ̀. Mo fi jẹ́ẹ̀lì pa á níkùn, mo gbé ẹ̀rọ lé e, orí méjì ni mo rí: ọ̀kan nísàlẹ̀, èkejì lókè lọ́hùn-ún, lábẹ́ egungun ìhà. Ìbejì! Ìyá náà bú sẹ́kún, kò mọ̀ bóyá kí òun yọ̀ ni tàbí kí òun bẹ̀rù. Mo yí ìwé àkọ́kọ́ yẹn wò níwá-lẹ́yìn. Òǹtẹ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tó ṣe scan ni kò sí. Ìyá náà sọ pé sátífíkéètì mẹ́ta tí òun rí nínú férémù lára ògiri wọn ló fi òun lọ́kàn balẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ìwé ju ìwé lọ. Ẹni tó bá fẹ́ di radiographer, ìyẹn ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú ara, ní Nàìjíríà yóò lo ọdún márùn-ún ní yunifásítì, yóò tún fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà iṣẹ́ ní ọsibítù. Radiographers Registration Board of Nigeria, àjọ tí òfin ọdún 1987 dá sílẹ̀, ló ń forúkọ wa sílẹ̀, ọdọọdún la sì gbọ́dọ̀ tún ìwé àṣẹ wa gbà. (Ti dókítà àwòrán, radiologist, yàtọ̀, àjọ àwọn dókítà ló ń bójú tó wọn.)

Ẹgbẹ́ wa, Association of Radiographers of Nigeria, kì í ṣe àjọ tó ń forúkọ wa sílẹ̀ yẹn o. Mo fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà, mo ń sanwó mi déédéé, torí ibẹ̀ la ti ń jà fún ẹ̀tọ́ wa. Síbẹ̀, káàdì ẹgbẹ́ kò tó láti fi gbé ẹ̀rọ lé aláìsàn níkùn, áńbọ̀sìbọ́sí ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìwé tí wọ́n fi forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ náà ńkọ́? Kò sọ bóyá ẹni tó di ẹ̀rọ mú mọ kíndìnrín yàtọ̀ sí ẹ̀dọ̀.

Àwọn àbúrò wa tó ń lọ Ìlú Ọba mọ̀ pé bí HCPC, àjọ tó ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bíi tiwa sílẹ̀ níbẹ̀, kò bá tíì forúkọ èèyàn sílẹ̀, òfin ibẹ̀ kò gbà á láyè kó pe ara rẹ̀ ní radiographer. Aláìsàn lásán lè yẹ orúkọ náà wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì ní san kọ́bọ̀. Ó ń dùn mí wọra pé àwọn tá a kọ́ nílé, tí wọ́n kúnjú ìwọ̀n lọ́hùn-ún, ni ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ níbìkankan ń jókòó sáyè wọn níbí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilé scan, mo mọ̀ pé owó oṣù ẹni tó kúnjú ìwọ̀n kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìwé àṣẹ ọdún yìí kọ́ sínú yàrá scan gan-an, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ṣiṣẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ èsì. Ẹ̀yin ìyá wa, bí ẹ kò bá rí i, ẹ béèrè. Kò sí àrífín níbẹ̀. Kò sí radiographer tòótọ́ tí yóò tìtorí ẹ̀ bínú sí yín.

Ọjọ́bọ̀ ni ìyá ìbejì yẹn ń padà bọ̀. Orúkọ mi àti nọ́ńbà ìwé àṣẹ mi wà lábẹ́ èsì tirẹ̀.

Radiographer kan,
Ìbàdàn.