Ibi tí fóònù dákẹ́ sí

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ púpọ̀ o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi náà le, a dúpẹ́. Lẹ́tà rẹ dé, mo sì fara balẹ̀ kà á. Inú mi dùn gan-an láti gbọ́ pé ìwọ àtàwọn ọmọ ti ń jáde rìn ní ìrọ̀lẹ́ nítorí Pokémon GO, gémù orí fóònù tí ẹ fi ń rìn kiri mú àwọn ẹranko àfinúrò. O wá bi mí pé kí ni mo rí nínú geocaching, eré tí a ti ń wá ohun tí ẹlòmíràn fi pamọ́ síta, tí kò sí nínú gémù tiyín, ṣebí fóònù la jọ ń tẹ̀ lé kiri. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, jẹ́ kí n rò ó fún ọ.

Orí satẹ́láìtì GPS, àwọn ẹ̀rọ ojú òfuurufú tó ń jẹ́ kí fóònù mọ ibi tí èèyàn wà, ni méjèèjì dúró lé. Ìjọba Amẹ́ríkà ló ni wọ́n, fún ọ̀pọ̀ ọdún sì ni wọ́n fi ń mọ̀ọ́mọ̀ da àmì tó ń ti ibẹ̀ wá rú fún ẹni tí kì í ṣe ológun, débi pé ẹ̀rọ ọwọ́ ará ìlú lè fi bí 100 mítà ṣìnà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2000, Ààrẹ Clinton ní kí wọ́n jáwọ́ níbẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù náà ni ẹ̀rọ gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba àmì tí wọn kò dà rú. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 3, Dave Ulmer ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kan pamọ́ sínú igbó nítòsí Beavercreek ní ìpínlẹ̀ Oregon, ó sì ti kọ nọ́ńbà tó tọ́ka ibẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó fẹ́ràn GPS. Ìwé wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, owó díẹ̀ wà níbẹ̀, títí kan agolo ẹ̀wà kan. Ohun tó ní kí ẹni tó bá rí i ṣe kò le: mú nǹkan, fi nǹkan sílẹ̀, kí o sì kọ orúkọ rẹ sínú ìwé. Mike Teague ló kọ́kọ́ rí i, kò sì pẹ́ rárá. Kí ọdún yẹn tó parí, Jeremy Irish ti ṣí geocaching.com, ìkànnì tí wọ́n ń kọ ibi tí nǹkan wọ̀nyí wà sí. Lónìí, ohun tí wọ́n fi pamọ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta.

Ṣàkíyèsí pé nǹkan wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn. Ẹnì kan ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e síbẹ̀, ó ti ro ibi tí ẹsẹ̀ rẹ máa gbà, ó ti ro ohun tí ojú rẹ máa kọ́kọ́ rí.

Wá wo bó ṣe máa ń rí nígbà tí mo bá dé ibi tí wọ́n fi ọ̀kan pamọ́ sí. Fóònù á sọ pé ó ku mítà 4, á tún sọ pé 7, á pa dà sí 2. Ọfà inú rẹ̀ á máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Lábẹ́ igi tó dí tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé gíga, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé àmì satẹ́láìtì á máa kọlu nǹkan kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Gbogbo ohun tí ẹ̀rọ mọ̀ ti tán nìyẹn. Mo máa ń ki fóònù bọ àpò níbẹ̀, màá dúró, màá wo yíká. Ó kan ìwọ àti ẹni tó fi í pamọ́, bí ẹni ń ṣe bojúbojú pẹ̀lú ẹni tí o kò mọ̀ rí. Bó bá jẹ́ èmi ni, ibo ni mi ò bá fi í sí? Igi wẹ́wẹ́ wo ló tò jọ gún régé jù, bíi pé ẹnì kan ló tò ó? Òkúta wo ni ewéko kò hù yí ká? Orí ìṣó ńlá wo ló wà lára ọgbà irin tí kò sì di nǹkan kan mú? Mo fi ìka yí irú ìṣó bẹ́ẹ̀ rí, ó ṣí kúrò lára irin náà pẹ́ẹ́, nítorí òòfà ló mú un dúró. Kò tó orí àtàńpàkò mi. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ká mọ́lẹ̀ gbagidi. Nígbà tí mo tú u, orúkọ ló kún inú rẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé oríṣiríṣi, déètì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kálukú. Mo kọ tèmi sísàlẹ̀ wọn. Ọkàn mi kì í balẹ̀ tí mo bá ń kọ ọ́, mo máa ń bojú wẹ̀yìn kí àwọn tó ń kọjá má fura, torí pé tí ẹni tí kò mọ̀dí bá rí i, ó lè kó o sọnù.

Ohun tí mo ń wá nìyẹn. Nínú gémù tiyín, fóònù kì í dákẹ́. Bí o bá dé ìdí ère kan, ojú fóònù lo máa wò, wàá yí nǹkan róbótó tó wà lójú rẹ̀, ẹ̀bùn á jábọ́, ó tán. O lè kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́ kí o má mọ ẹni tí wọ́n gbẹ́ ère náà fún. Ní ọdún 2020 tí àrùn Kòrónà ń jà, Niantic, ilé iṣẹ́ tó ṣe gémù náà, sọ mítà 40 tí èèyàn gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibi kan dé di 80. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá a pa dà ní ọdún 2021, àwọn tó ń fi gémù náà ṣeré fárígá, wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní 80. Èmi gan-an wà lẹ́yìn wọn, torí ó dẹrùn fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn àti ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Ṣùgbọ́n o rí i pé gémù náà kò yí pa dà bí o kò tilẹ̀ dé ibẹ̀.

Mi ò fẹ́ kí o rò pé mò ń bú u. Mo mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn wà nídìí rẹ̀. Àwọn tó ń fi Ingress ṣeré, gémù tí Niantic ti gbé jáde ní 2012, ló fi ẹsẹ̀ wọn wá ọ̀pọ̀ ibi tí Pokémon GO wá ń lò nígbà tó dé ní 2016. Ó tún kó èèyàn jọ lọ́nà tí tiwa kò lè gbà ṣe é. Mo ti rí i tí àwọn tí kò mọra wọn rí dúró láàárín pápá, tí wọ́n jọ ń kígbe lórí ẹranko kan ṣoṣo. Tiwa máa ń dá wà. Ọmọdé tó bá sì rìn títí tí kò rí nǹkan kan á sunkún, nígbà tí gémù kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ lọ́wọ́ òfo.

Àmọ́ gémù tí ilé iṣẹ́ bá pa, ó pa á pátápátá. Minecraft Earth, gémù mìíràn tí wọ́n ń rìn kiri ṣe, lọ ní oṣù Kẹfà ọdún 2021. Harry Potter: Wizards Unite tẹ̀ lé e ní oṣù Kìíní ọdún 2022, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́ta kò tíì pé tó jáde. Gbogbo ohun tí àwọn èèyàn fi ẹsẹ̀ rìn kó jọ ló lọ lọ́jọ́ kan náà. Tiwa náà máa ń kú: omi á wọ inú ike, ẹni tó ni ín á kó lọ síbòmíràn, wọ́n á yọ ọ́ kúrò lórí àkọsílẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń kú ní tirẹ̀ ṣá. Èyí tí wọ́n ń pè ní Mingo, ní ìpínlẹ̀ Kansas, oṣù kan náà tí Ulmer gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sínú igbó ni wọ́n fi í pamọ́, àwọn èèyàn ṣì ń rin ìrìn àjò lọ síbẹ̀.

Tí o bá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀, mú àwọn ọmọ dání. Wo nọ́ńbà méjì tí wọ́n kọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí geocaching.com, láti 1 dé 5: ọ̀kan sọ bó ṣe ṣòro láti rí, èkejì sọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Èyí tó bá jẹ́ 1 ní ti ilẹ̀, kẹ̀kẹ́ arọ lè dé ibẹ̀. Yan èyí tí méjèèjì kéré, kó sì jẹ́ àpótí tó tóbi, kí àwọn ọmọ lè rí nǹkan ìṣeré fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ka ohun tí àwọn tó débẹ̀ kẹ́yìn kọ. Tí èèyàn mẹ́ta bá ti sọ léra pé àwọn kò rí i, fi í sílẹ̀. Mú bírò dání, torí ìwé sábà máa ń wà níbẹ̀ láìsí bírò. Ẹ sì lè mú Pokémon yín lójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó máa mú yín sí i.

Ó ku ohun kan. Mo ti ra Travel Bug, pẹlẹbẹ irin kékeré tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára, tí àwọn èèyàn máa ń gbé láti inú àpótí kan lọ sí òmíràn. Mo ti fi í sílẹ̀ nínú àpótí kan nítòsí ibi tí mò ń gbé, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìlú rẹ ni kí wọ́n máa gbé e lọ. Mo fi nọ́ńbà tí o máa fi tọpa rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sínú àpòòwé yìí. Ó lè pẹ́ o, ó sì lè gba ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lọ rí. Tó bá ti dé ìtòsí yín, jẹ́ kí àbíkẹ́yìn rẹ ló máa mú un, kí ẹ wá gbé e sínú àpótí mìíràn kó máa pa dà bọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Bá mi kí gbogbo wọn. Mò ń retí èsì rẹ.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́